Onídùúró: Ẹni Tí Béèlì Fẹ̀yìn Tì

Bí ìròyìn bá jáde pé kóòtù ti gba béèlì ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbà pé ẹjọ́ náà ti kú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ béèlì kì í ṣe ìdáláre, kì í sì í ṣe owó tí a fi ra òmìnira. Àyè ni ó jẹ́ fún olùjẹ́jọ́ láti máa ti ilé wá sí kóòtù, lórí àdéhùn pé kò ní sá, àti pé ẹlòmíràn tí à ń pè ní onídùúró ti fi ohun ìní tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Inú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni gbòǹgbò béèlì wà, nítorí abala 36 sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Béèlì ti tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ló ń ṣáájú ti kóòtù, ọ̀fẹ́ sì ni, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri tẹ́ṣàn káàkiri, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ àkọlé náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń sanwó.

Bí ọ̀ràn bá dé kóòtù, Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí ó wà fún kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá, yọ̀ǹda kí adájọ́ kọ béèlì bí ó bá dájú pé olùjẹ́jọ́ lè sá, pé ó lè dá ọ̀ràn mìíràn, tàbí pé ó lè dí ẹlẹ́rìí lọ́wọ́. Iye tí adájọ́ bá dá lé béèlì kì í sábà jẹ́ owó tí à ń kà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwé ni onídùúró ń fọwọ́ sí pé òun yóò san án bí ẹni tí òun dúró fún bá di àwátì. Akọ̀wé kóòtù a gba fọ́tò rẹ̀, ìwé ẹ̀rí owó orí àti ìwé ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n a sì lọ wo ilé náà bóyá ó wà níbi tí ó ní ó wà, nígbà tí olùjẹ́jọ́ tí gbogbo ayé gbọ́ pé ó ti gba béèlì ṣì ń sùn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ a yí padà bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọ̀daràn. Ìdigunjalè, fún àpẹẹrẹ, ń gba ìdájọ́ ikú, abala 161 Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn náà sì sọ pé adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè gba béèlì irú olùjẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìdí tó ṣàrà ọ̀tọ̀ bí àìsàn tí ọgbà ẹ̀wọ̀n kò lè tọ́jú, tàbí ẹjọ́ tí ó falẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ẹ̀rù tí ń bẹ níbẹ̀ ju ti sísá lọ, nítorí ẹni tí ó ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn lè dẹ àwọn tí a kò tíì mú sí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n òfin líle yìí ní ojú kejì: wọ́n lè gbé tálákà tí a kàn fura sí lọ sí kóòtù májísíréètì tí kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà, kí ó wà ní àhámọ́ fún ọjọ́ 14, kí wọ́n sì tún fi 14 kún un.

Ní ti onídùúró fúnra rẹ̀, béèlì Abdulrasheed Maina, ọ̀gá ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó gbé nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì náírà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, fi ìwúwo iṣẹ́ náà hàn. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume ni ó dúró fún un pẹ̀lú mílíọ̀nù 500 náírà, tí ó fi ilé kan ní Àbújá ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí Maina kò yọjú mọ́ lọ́dún 2020, Adájọ́ Okon Abang pàṣẹ ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá pé kí wọ́n mú Ndume lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje títí yóò fi san owó náà. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi tẹ Maina ní orílẹ̀-èdè Niger, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí i mú, adájọ́ kan náà ti gba béèlì onídùúró rẹ̀.