Dùrù Akin Euba

Bí olólùfẹ́ orin bá lọ gbọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ń tẹ iṣẹ́ Olóògbé Akin Euba lórí dùrù, yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé: ṣé ohun èlò òyìnbó lè sọ èdè wa?

Èkó ni a bí Euba sí ní 1935. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kọ́ dùrù. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka. Ó wòye pé dùrù kò jìnnà sí ìlù, nítorí òòlù ni ń lu wáyà inú rẹ̀. Ní 1963, nínú Igi Ńlá So, ó gbé dùrù sí àárín ìlù Yorùbá mẹ́rin. Ọwọ́ kan a máa tún ohùn kúkúrú sọ láìsinmi, bí omele. Èkejì a sì máa dárà lé e lórí, bí ìyá ìlù. Ara a máa wu olùgbọ́ láti jó, ṣùgbọ́n àga ni wọ́n tò sílẹ̀. (Ta ni ó ṣe òfin yẹn?)

Euba kú ní 2020. Ìwé orin kì í dá kọrin. Ẹ̀yin olùkọ́ dùrù ní Yábàá àti Sùúrùlérè, ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ kan, ó kéré tán, kún Beethoven tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa.