Àgádágodo Ò Ní Kí Onílé Má Jalè

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti kìlọ̀ fún pé ká tó tẹ nọ́ńbà káàdì ATM sórí ìkànnì kankan, ká kọ́kọ́ wo òkè níbi tí àdírẹ́sì wà, bóyá a máa rí àgádágodo kékeré kan. Ìmọ̀ràn náà dáa nígbà tí wọ́n mú un wá. Ní báyìí, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ààbọ̀ tó kù sì làwọn oníjìbìtì ń jẹ.

Ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sórí fóònù kì í lọ bá báǹkì tààrà. Ẹ̀rọ Wi-Fi ilé oúnjẹ tẹ́ ẹ jókòó sí á gbà á, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín á gbà á, àwọn mìíràn tẹ́ ò ní mọ̀ láé á tún gbà á. Àfi bí owó ọkọ̀ tí èrò ìjókòó ẹ̀yìn nínú dánfó ń fi rán àwọn tó wà níwájú sí kọ̀ńdọ́kítọ̀: gbogbo ọwọ́ tó bá kọjá ló mọ iye tó jẹ́. Bó ṣe ń rí nìyẹn bí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http lásán. Láti oṣù Keje ọdún 2018 ni Chrome, ètò tá a fi ń ṣí ìkànnì, ti ń kọ “Not secure” sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀.

Bí s bá wọ̀ ọ́, tó di https, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí fóònù yín tó fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́, òun àti ẹ̀rọ ìkànnì náà á ti jọ fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ kan tí ẹlòmíì ò ní, òun ni wọ́n á fi máa ti gbogbo ohun tó bá ń kọjá láàárín wọn. Èyí tó ṣì ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé gbangba ni wọ́n ti ń ṣe àdéhùn ọ̀hún. Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin ò ní mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ìṣirò ló ń ṣe é, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Amí tó wà nídìí Wi-Fi lè mọ orúkọ ìkànnì tẹ́ ẹ lọ, àmọ́ rádaràda ló máa rí níbi tí PIN yín wà.

Ta wá ni fóònù yín ń bá fẹnu kò? Ìwé ẹ̀rí ló ń dáhùn ìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan tí Chrome, Firefox àti Safari fọkàn tán ló ń buwọ́ lù ú pé ẹni tó gba ìwé yìí ló ni orúkọ ìkànnì yìí. Bí ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá bà jẹ́, nǹkan ṣe. Lọ́dún 2011, àwọn kan já wọ inú ẹ̀rọ DigiNotar, ọ̀kan lára irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n tẹ ayédèrú ìwé ẹ̀rí ní orúkọ Google, wọ́n sì fi ṣamí àwọn èèyàn ní Ìráànì. Chrome, Firefox àtàwọn yòókù kọ DigiNotar sílẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kò sì tíì parí tí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí tàn yín. Ẹni tó ni orúkọ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò yẹ ìwà rẹ̀ wò. Láti òpin ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún àwọn èèyàn níwèé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ ló sì ń ṣe é. Ọmọ Yahoo náà ń gbà á. Nítorí pé àwọn èèyàn ń ṣi àgádágodo túmọ̀ ni Google fi yọ ọ́ kúrò lára Chrome orí kọ̀ǹpútà àti Android ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tó fi ìlà méjì tó ní róbótó lára rọ́pò rẹ̀. Àmì náà ò lẹ́wà, àmọ́ kò purọ́.

Orúkọ ló wá kù tẹ́ ẹ máa kà, ẹ̀yìn lẹ sì ti máa kà á. Ká ní wọ́n fi èyí ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB: https://jamb.gov.ng.portal-fomu.xyz/login. Ẹ wá àmì / tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé orúkọ, kẹ́ ẹ wá máa padà bọ̀ sápá òsì. Xyz lẹ máa kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà portal-fomu. Ẹni tó ni portal-fomu.xyz ló ni ìkànnì náà; ó lè kọ ohunkóhun tó bá wù ú síwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ orúkọ Ààrẹ. Ti JAMB gan-an parí sí jamb.gov.ng, ẹ̀ka ìjọba nìkan ni wọ́n sì ń fún ní .gov.ng. Owó lèèyàn fi ń ra .com.ng ní tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè rà á.

Bí fóònù bá figbe ta pé ìwé ẹ̀rí ìkànnì kan ò péye, ẹ kọ́kọ́ wo déètì orí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó ń parí, fóònù tó bá rò pé ọdún 2015 la wà á kọ èyí tí wọ́n ṣe lánàá. Bí déètì bá tọ̀nà tí igbe náà ò dákẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìkànnì báǹkì, ẹ má tẹ ohunkóhun síbẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín.