Bí A Ṣe Lè Tún Gbohùngbohùn Mọ́ṣáláṣí Ṣe Pẹ̀lú Owó Kékeré

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí, ọ̀rọ̀ irin àti wáyà ni, ṣùgbọ́n ó kan ìrun wa, ó sì kan wáàsí wa. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí lèmọ́mù bá dúró tí ó ń ka kutubá, àwọn ìyá wa tí wọ́n wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé àti àwọn tí wọ́n tẹ́ ẹní sí ìta ń gbọ́ ariwo, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìrun pé kí ni lèmọ́mù wí, wọn á ní, “Ohùn rẹ̀ ṣáà ń dún ni.” Ẹni tí ó fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ wá gbọ́ kutubá, tí kò sì mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ sílé, kò rí ohun tí ó wá gbà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ní ìpàdé ni pé kí a ra áńpù tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ó dá owó. Àwọn ẹgbẹ́ àsáláàtù á mú tiwọn wá, àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì á yọ nínú owó tí kò tó wọn ná. A ó gbé áńpù tuntun dé láti Òṣogbo tàbí láti ọjà Alábà ní Èkó. Nígbà tí a bá tan án, ariwo á pọ̀ sí i, àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé áńpù kọ́ ni àìsàn náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí owó sàárà má baà wọgbó.

Wáàtì ni a fi ń ka agbára tí áńpù ń gbé jáde. Ènìyàn á rò pé oníwáàtì 200 yóò dún ní ìlọ́po méjì oníwáàtì 100. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Etí kì í ka ohùn bí a ṣe ń ka owó. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ohùn ń jẹ́ desibẹ́lì. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, desibẹ́lì 3 péré ni ó fi kún un, etí á kàn mọ̀ pé ó yàtọ̀ díẹ̀ ni. Kí ohùn tó lè dún létí wa bí ìlọ́po méjì, ó ń fẹ́ nǹkan bí desibẹ́lì 10, èyí tí í ṣe wáàtì ìlọ́po mẹ́wàá. Mọ́ṣáláṣí tí ó ní wáàtì 50 yóò ní láti wá 500! Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà. Sípíkà onípákó bí irú èyí tí a ń lò nílé, bí a bá fún un ní wáàtì 1 tí a sì dúró ní mítà 1 sí i, ó máa ń dún tó nǹkan bí desibẹ́lì 90. Họ́ọ̀nù onírin tí ẹnu rẹ̀ là gbàràmù, irú èyí tí a ń gbé sórí mọ́ṣáláṣí, yóò dún tó 105 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wáàtì 1 kan náà. Desibẹ́lì 15 tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì tó wáàtì ìlọ́po ọgbọ̀n. Ìdí nìyí tí áńpù kékeré tí ń lo bátìrì mọ́tò fi ń mú ìpè ìrun dé ẹ̀yìn ìlú.

Ohun tí a lè tún ṣe láì ná kọ́bọ̀ ni máìkì. Bí ẹnu bá fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìnnà sí máìkì, tí a wá mú un súnmọ́ ọn di 10, desibẹ́lì 12 ni a jèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi áńpù ra desibẹ́lì 12 yóò sọ wáàtì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Síbẹ̀, àwọn alfáà wa fẹ́ràn láti gbé máìkì jìnnà, kí wọ́n máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, pàápàá nígbà tí wáàsí bá gbóná. Kí a sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Igi máìkì tí ó dúró gírí, tí a gbé sí ìwọ̀n gíga lèmọ́mù, ṣàǹfààní ju áńpù tuntun lọ. Igbe tí máìkì ń ké wíí-wíí pẹ̀lú, ohun tí ó ń fà á ni pé ohùn sípíkà ń padà wọ inú máìkì, ó tún ń jáde, ó tún ń wọlé. Kí sípíkà wà níwájú máìkì, kí ó kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹnu súnmọ́ máìkì, kí a sì dín ohùn kù díẹ̀. Igbe náà á dákẹ́.

Bọ́tìnnì kan tún wà lára áńpù tí a ń pè ní bass, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti yí dé òpin kí ohùn lè máa dún kìtì-kìtì bí ti òde àríyá. Họ́ọ̀nù kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jẹ bátìrì, ó sì ń gbọn awọ tín-ínrín tí ó wà nínú yúnìtì họ́ọ̀nù títí tí yóò fi ya. Ẹ yí i wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ á mọ́ gaara, bátìrì á sì pẹ́. Bí awọ náà bá sì ti ya, kí a má tíì sọ họ́ọ̀nù nù. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe mọ̀ pé wọ́n ń ta awọ nìkan lọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti odindi yúnìtì.

Wàyí o, wáyà. Ibí yìí gan-an ni owó wa ń gbà ṣòfò. A lè gbé bátìrì sí yàrá ẹ̀yìn, kí áńpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lèmọ́mù, kí a sì fi wáyà tín-ínrín tí a fi ń fa gílóòbù so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí wáyà náà bá gùn tó mítà 20, tí sísanra rẹ̀ jẹ́ 0.75, tí áńpù sì ń fa ánpíà 5, ju fóòtì 4 lọ ni yóò sọnù sójú ọ̀nà. Bátìrì fi fóòtì 12 ránṣẹ́, nǹkan bí 7 ni ó dé ọ̀dọ̀ áńpù. Áńpù tí ebi ń pa kò lè sọ̀rọ̀ kí ó já gaara. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ áńpù, tí a fi wáyà tí ó sanra tó 4 so wọ́n, tí kò gùn ju mítà 1 lọ, ohun tí ó sọnù kò tó kà. Ẹ má gbàgbé fíúsì lẹ́bàá orí bátìrì, nítorí iná. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ orin sínú ọkọ̀ ojú omi mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Bátìrì fóòtì 12 ni tirẹ̀ náà, omi sì ni ọ̀tá wáyà rẹ̀.

Wáyà tí ó lọ sórí òrùlé ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lẹ́yìn áńpù mọ́ṣáláṣí, bí irú Ahuja ti Íńdíà tàbí TOA ti Japan, ẹ ó rí ibi tí a kọ 4, 8 àti 16 sí, ẹ ó sì sábà rí ibòmíràn tí a kọ 100V sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kan èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Bí a bá so họ́ọ̀nù kan mọ́ 8 pẹ̀lú wáyà tín-ínrín tí ó gùn tó mítà 50, ó lé ní ìdá márùn-ún kan nínú agbára áńpù tí wáyà yóò jẹ. Bí họ́ọ̀nù bá di méjì lórí wáyà kan náà, ó lè jẹ ju ìdá mẹ́ta kan lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá lo 100V, iná tí ń gba inú wáyà kọjá kéré púpọ̀, ohun tí ó ń sọnù kò sì tó wáàtì kan nínú 30. Ohun tí ó kù ni pé họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ní tiransifọ́mà tirẹ̀. Àwọn mìíràn ní in nínú, àwọn mìíràn a máa rà á mọ́ ọn. Kí a ṣe àròpọ̀ wáàtì gbogbo họ́ọ̀nù náà pẹ̀lú. Mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15 jẹ́ 60, áńpù 80 á gbé wọn láì làágùn.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà. Bí ó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni, kì í ṣe bàbà.

Ní ti ibi tí họ́ọ̀nù yóò wà, ìtàn ti kọ́ wa. Bilal (RA) a máa gun orí ilé obìnrin kan, èyí tí ó ga jù nítòsí mọ́ṣáláṣí ní Mèdínà, láti pe ìrun. Gíga ni ó ń mú ohùn kọjá lórí ògiri. Nígbà tí Peter Jensen àti Edwin Pridham ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wọn bá ọ̀pọ̀ èrò sọ̀rọ̀ ní 1915, họ́ọ̀nù ni wọ́n lò. Ní 1936, Mọ́ṣáláṣí Sultan ní Singapore ti ń fi gbohùngbohùn pe ìrun, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ayé. Kí a gbé họ́ọ̀nù sókè, kí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí òjò má baà dúró nínú rẹ̀. Kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè wọ inú ilé, kí omi lè ro dànù níbẹ̀. Kí a ri irin ilẹ̀ fún òpó tí ó gbé e nítorí àrá.

Nínú mọ́ṣáláṣí, ẹ má gbé họ́ọ̀nù sí i. Ògiri sìmẹ́ńtì àti páànù ń dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ kan á sì gun orí èkejì. Sípíkà kékeré mẹ́rin tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nítòsí àwọn ènìyàn sàn ju ńlá kan tí ń bú lọ, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Wáàtì 5 péré tó o.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Ní Ìnísà níbí, ìmàle àti onígbàgbọ́ ń gbé agboolé kan náà, wọ́n jọ bí ọmọ ni. Ìlọ́po méjì ọ̀nà tí a bá fi jìnnà sí họ́ọ̀nù ń dín ohùn kù ní desibẹ́lì 6, nítorí náà ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹnu họ́ọ̀nù ni ó ń jìyà ohun tí ẹni ìdí ọjà fẹ́ gbọ́. Ẹ yí ẹnu rẹ̀ sí ojú títì. Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ní 2021, ilẹ̀ Saudi fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé ìpè ìrun àti ìkọ́má nìkan ni kí họ́ọ̀nù ìta máa gbé jáde, kí ó má sì ju ìdá mẹ́ta kan agbára rẹ̀ lọ. Ní tiwa, a rí i pé ó tọ́ kí bọ́tìnnì ìta àti ti inú yàtọ̀, kí wáàsí òru má máa jí aláìsàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéú, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ họ́ọ̀nù. Desibẹ́lì 85 ni etí lè gbà fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ó bá fi 3 lé e, wákàtí náà á dín sí ìdajì, tí ó fi jẹ́ pé ní 100, ìṣẹ́jú 15 ni. Họ́ọ̀nù tí ń gba wáàtì 30 lè dún tó 120 ní mítà 1 sí ẹnu rẹ̀. Ladánì tí ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ní etí láti ṣọ́.

Bátìrì oníánpíà 75 tó fún iṣẹ́ wa. Bí áńpù bá ń fa 3, yóò ṣiṣẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 kí ó tó dé ìdajì, kò sì yẹ kí a jẹ ẹ́ kọjá ìdajì. Pátákó sóólà oníwáàtì 100 pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọ á dá púpọ̀ nínú iná yìí padà ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, kò sí pé à ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tí ń dún mọ́ ìrun.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá owó rárá, kí ẹ yá àwọn ọmọ ilé-ìwé lò lẹ́yìn ìrun àláásàrì. Kí ọ̀kan nínú yín ka ọ̀rọ̀ 20 tí kò bá ara wọn tan sínú máìkì, bíi ọ̀bọ, àkàrà, ìlẹ̀kùn, oṣù. Kí àwọn ọmọ dúró káàkiri, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ní ìta, lẹ́bàá òpó, kí oníkálukú kọ ohun tí ó gbọ́. Kí a ka èyí tí wọ́n gbà. Ibi tí ọmọ bá ti gba 12 nínú 20, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sípíkà kékeré lọ. Bí gbogbo wọn bá gba 12, àní ẹni tí ó wà níwájú gan-an, kí ẹ lọ wo máìkì àti wáyà bátìrì. Kí a tún ṣe é lẹ́yìn ọ̀yẹ́, nítorí eruku máa ń dí ẹnu họ́ọ̀nù.