Òru Kan ní FEMUA: Ọdún Orin Tí Magic System Gbé Wá Sílé

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n oòrùn Abidjan, ní Côte d'Ivoire, kò tíì rọlẹ̀. Ọ̀dà ojú títì àdúgbò Treichville gbóná débi pé ooru rẹ̀ ń gba abẹ́ bàtà wọlé sí mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń mú mi lọ, ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí Treichville, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà ibẹ̀. Yorùbá ló ń bá mi sọ, Faransé ló ń bá dẹ́rẹ́bà sọ, Nouchi, èdè àwọn ọ̀dọ́ ìgboro, ló sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò ti ń wá ṣòwò ní ìlú yìí. Anagó ni àwọn onílé ń pè wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ mi," ló wí bí a ti ń wọ wôrô-wôrô, takisí akérò tó ń gbé èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. "Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ò ní ráyè wọlé mọ́."

Ọkọ̀ náà gba òpópónà Giscard d'Estaing lọ sí Marcory. Kò pẹ́ tí ìrìn fi ṣòro. Àwọn gbaka, bọ́ọ̀sì kéékèèké tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń rọ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, dí ojú títì pa, fèrè wọn ń dún láìdákẹ́. A san owó wa, a bọ́ sílẹ̀, a sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ pẹ̀lú èrò.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Àwọn ìyá ti tẹ́ agbada sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní alloco, èyí tí àwa ń pè ní dòdò, ẹja wà lórí ẹ̀yín iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àlùbọ́sà àti ata gígún ń dúró dè é nínú abọ́. Àwọn ọkùnrin Hausa tó ti Niger wá ń ta garba: attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ẹja tuna díndín lórí rẹ̀, òróró gbígbóná lé gbogbo rẹ̀. A jókòó lórí bẹ́ńṣì, a jẹun. Ata náà mú mi sunkún. Ọmọbìnrin kan gbé páànù kọjá, ó ń ké bissap, ohun mímu pupa tí àwa mọ̀ sí sobo, tó ti di yìnyín nínú ọ̀rá. Mo ra méjì.

INJS là ń lọ, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní Marcory. Ìlà tó wà lẹ́nu géètì rẹ̀ ti yípo ògiri lọ. A tò. Oòrùn ń wọ̀, erùpẹ̀ ń gbé, àwọn ọmọdé jókòó lé bàbá wọn léjìká, àwọn ọmọge tó ti ṣe irun tuntun ń fi ìwé pẹlẹbẹ fẹ́ ara wọn, ẹnìkan níwájú sì ń da orin sílẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbè é. Kò sẹ́ni tó bínú. Nígbà tí ó kàn wá, ẹ̀ṣọ́ kan yẹ ara mi wò láti apá dé ẹsẹ̀, ó wo inú àpò mi, ó gba ìgò omi tí mo mú dání. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu etíkun Grand-Bassam ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2016, ọ̀pọ̀ èrò ńlá ní agbègbè yìí ni wọ́n ń yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ni kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ mi: owó ìwọlé. Ọ̀fẹ́ ni.

Nínú lọ́hùn-ún, pápá náà gbòòrò. Orí ìtàgé wà ní ìkángun rẹ̀, ó ga, ògiri sìpíkà wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn ojú àwòrán ńlá sì wà tí ẹni tó jìnnà fi lè rí ojú olórin. Àsíá àwọn iléeṣẹ́ onígbọ̀wọ́ so mọ́ ara irin. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn, òórùn epo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti koríko tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ ti tẹ̀. A rìn síwájú títí ó fi di pé a ò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ la dúró sí.

FEMUA ni orúkọ ayẹyẹ yìí, ayẹyẹ orin ìgboro ti Anoumabo. Ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ni Magic System, ẹgbẹ́ olórin ọkùnrin mẹ́rin: A'salfo, Manadja, Goudé àti Tino. Anoumabo, abúlé àwọn Ébrié tí ìgboro Marcory ti gbé mì, ni wọ́n ti jáde. Ní 1999 ni wọ́n kọ "Premier Gaou", orin tí ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà jó sí láì gbọ́ Faransé rárá. Orin yẹn gbé wọn dé Paris, ó gbé wọn ká ayé. Nígbà tí wọ́n ti di ẹni ńlá, wọ́n padà wá gbé ìtàgé kalẹ̀ ní àdúgbò ìṣẹ́ wọn. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ṣú, iná tàn. Ẹgbẹ́ zouglou kan ló kọ́kọ́ gun orí ìtàgé. Zouglou jẹ́ orin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Yopougon ní nǹkan bí 1990, nígbà tí oúnjẹ wọ́n, tí ibùsùn kò kárí, tí ìjọba kò sì fẹ́ gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n fi ìlù àti ohùn púpọ̀ sọ ìṣòro wọn, wọ́n sì fi ẹ̀fẹ̀ sí i kí ẹ̀dùn náà lè ṣeé gbé. Bí ìlù náà ti dún báyìí, gbogbo pápá gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbàlagbà kan tó wé gèlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà, ọmọ tó dì mọ́ ìró rẹ̀ sì ń jó tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ohùn èrò borí ti olórin. Ẹni tó di gbohùngbohùn mú gbé e kúrò lẹ́nu, ó nà án sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín.

Olórin reggae kan tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ rap dé, àwọn ọ̀dọ́ iwájú sì ń fò débi pé ilẹ̀ ń mì. Láàárín olórin méjì, A'salfo fúnra rẹ̀ jáde wá kí wa. Òun ni olùdarí ayẹyẹ náà, Salif Traoré ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ariwo tó sọ nígbà yẹn di mí létí pa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i?" ọmọ Èjìgbò yẹn pariwo sí mi létí. "Bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ló dé látìrìnàjò!"

Nígbà tí òru jìn, tí atẹ́gùn ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó bi mí bóyá mo rántí Papa Wemba. Mo ní mo rántí. Òru Sátidé mọ́jú Àìkú bí irú èyí náà ni, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2016, nígbà tí inú Anoumabo gan-an ni wọ́n ṣì ti ń ṣe ayẹyẹ náà. Àgbà olórin rumba Congo náà ń kọrin lọ́wọ́ lójú ìtàgé FEMUA ni ó ṣubú. Àwọn oníjó rẹ̀ tó wà níwájú kò tètè mọ̀, wọ́n ṣì ń jó. Ó kú. Ọmọ ọdún 66 ni.

"Màmá mi ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n," ọmọ náà wí. "Wọ́n rò pé ara eré ni."

Ẹgbẹ́ tó kàn gun orí ìtàgé, èrò tún hó. A dúró títí ojú ọ̀run fi ń funfun.

A bá èrò jáde, a sì gba ọ̀nà Anoumabo. Ọ̀nà náà há, ilé àwọn ayálégbé fara ti ara wọn, àwọn obìnrin ti jí, wọ́n ń gbá ẹnu ọ̀nà, èéfín iná àárọ̀ ń jáde ní àgbàlá. Àwọn ọ̀dọ́ tí ohùn wọn ti há ń bọ̀ láti pápá, wọ́n ń yà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi bọ̀.

Ayẹyẹ náà kì í ṣe orin òru nìkan. Ọjọ́ kan wà fún àwọn ọmọdé, ìpàdé wà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jíròrò ọ̀ràn ọjọ́ iwájú wọn, wọ́n sì máa ń gbé apá kan ayẹyẹ náà lọ sí ìlú mìíràn lẹ́yìn Abidjan. Àjọ Magic System ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ní 2012, UNESCO fi A'salfo ṣe aṣojú rẹ̀ nítorí ọ̀ràn mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà.

Ní Èkó, a ní Felabration. Yeni Aníkúlápó-Kútì ló dá a sílẹ̀ ní 1998 ní ìrántí bàbá rẹ̀, Ikẹjà sì ni èrò ń wọ́ lọ ní oṣù Kẹwàá. Ó dára, ó yẹ Fẹlá. Ṣùgbọ́n Magic System ṣì wà láyé, orin wọn ṣì ń tà, àwọn fúnra wọn ló sì gbé ayẹyẹ wá sí àdúgbò wọn. Àwa náà ní irú wọn. Ajégúnlẹ̀ ni Daddy Showkey ti jáde. Òjúẹlẹ́gbà ni Wizkid fi kọrin. Àwọn ọmọ tó wà ní àdúgbò wọ̀nyẹn lónìí mọ orin wọn bí ìyá onígèlè yẹn ti mọ zouglou, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n ìrìn tí àwọn ará Anoumabo fi ń dé ìtàgé tiwọn ni mo fẹ́ kí àwọn náà fi dé tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn lẹ́nu géètì.