Wọ́n Fi Fáìlì Pa Nọ́ńbà Rẹ́, Àmọ́ Irin Ò Gbàgbé

Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 48 dọ́là lórí ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣoṣo, màá ní orí ẹ̀ ti dàrú. Àmọ́ iye tí ẹnì kan san nìyẹn lórí Ferrari 250 GTO ti ọdún 1962, níbi gbàǹjo kan ní California lọ́dún 2018. Irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n ṣe ò ju 36 lọ. Ibi tówó bá sì pọ̀ tó báyẹn, ayédèrú ò ní ṣàì yọjú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á wá Ferrari mìíràn tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, bíi 250 GTE, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti GTO tan. Wọ́n á bọ́ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á sì ṣe ara tuntun fún un. Tí wọ́n bá sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé àfarawé ni, kò sí ẹjọ́. Wàhálà dé nígbà tí ẹnì kan bá fi fáìlì ha nọ́ńbà ṣááṣí kúrò, tó wá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ olówó gọbọi síbẹ̀.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá tẹ báírò mọ́lẹ̀ gan-an nínú ìwé, tẹ́ ẹ ya ojú ìwé yẹn dànù, àmì ẹ̀ á ṣì wà lójú ìwé tó tẹ̀ lé e, àbí? Bí irin ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lu nọ́ńbà sára ṣááṣí, àwọn wóró kéékèèké inú irin tó wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà náà fún pọ̀, wọ́n sì yẹ̀ kúrò ní ààyè wọn. Fáìlì lè gbé òkè lọ, ìsàlẹ̀ ṣì wà. Tí àwọn oníṣẹ́ láàbù bá dán ibẹ̀, tí wọ́n fi ásíìdì pa á, ásíìdì ò ní jẹ ibi tó fún pọ̀ bó ṣe ń jẹ ibi tó kù. Díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ á yọ padà. Àwọn ọlọ́pàá ń lo ọgbọ́n yìí fún ìbọn náà. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ha á jìn jù, ó parí nìyẹn.

Awọ ìjókòó náà ń sọ̀rọ̀. Bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń dán wò láwọn ọdún 1950 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 fi kábọ́ọ̀nù-14 kún afẹ́fẹ́. Koríko gbà á, màlúù jẹ koríko, ó wọnú awọ. Tí èyí bá pọ̀ lára awọ tí wọ́n ní ó ti wà láti 1930, irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n wọ́n lè ti pààrọ̀ ìjókòó ọkọ̀ gidi. Ṣé ìyẹn sọ ọ́ di ayédèrú? Ilé ẹjọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìbéèrè yìí lọ́dún 1990. Bentley tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tó gba ìdíje Le Mans lọ́dún 1929 àti 1930, lọ̀rọ̀ náà dá lé. Àwọn kan gbà láti rà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, wọ́n wá yí ohùn padà pé kì í ṣe ọkọ̀ yẹn mọ́. Adájọ́ gbà pé díẹ̀ ló kù lára ohun tó wà níbẹ̀ nígbà ìdíje. Síbẹ̀, ó ní ojúlówó ni, torí pé wọ́n ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ ni, ìtàn rẹ̀ ò sì já rí.

Èmi fara mọ́ adájọ́ yẹn. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kò tan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé fáìlì ló ń parọ́. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.