Ilé tó ń pa ìwé ìbí mọ́ kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn

Ní Ifangni, ìwé ìbí ni wọ́n ń béèrè kí ọmọ tó ṣe ìdánwò, kí àgbà tó gba káàdì ìdánimọ̀. Láti ìgbà ìforúkọsílẹ̀ RAVIP, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ ará ìlú wà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ANIP ló ń bójú tó o.

Irú kọ̀ǹpútà ńlá bẹ́ẹ̀ kì í sùn. Tọ̀sán-tòru ló ń jẹ iná, ó sì ń gbóná. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, yóò kú. Ẹ̀rọ náà sì ń jẹ iná tirẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kọ́ ilé tí yóò gbà á, pátákó oòrùn kọ́ ni à ń kọ́kọ́ rà. A kì í pọnmi sínú agbè tó ń jò. Kí òrùlé ní ibòji, kí ògiri dènà ooru, kí afẹ́fẹ́ tútù àti èyí tó gbóná má dàpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó kan oòrùn. Ní ọ̀sán gangan, pátákó tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lè mú nǹkan bí wáàtì 200 wá. Lóru, kò mú nǹkan kan wá. Nítorí náà, bátìrì, iná SBEE àti ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Iṣẹ́ oòrùn kò jìnnà sí Ifangni. Ní Illoulofin, ní Pobè, nínú ẹkùn Plateau kan náà, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn Defissol lọ́dún 2022: wáàtì mílíọ̀nù 25 ni agbára rẹ̀.

Bí iná ilé àkọsílẹ̀ bá kú, ìyá tó wá gba ìwé ọmọ rẹ̀ ni yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo.