Kí A Tó Ní Ọ̀nà Kraké Ti Já Gaara
Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Talon ti orílẹ̀-èdè Benin ṣí ibùdó ẹnubodè alájọni ní Sèmè-Kraké, ní ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì, kí ọkọ̀ lè máa dúró lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dínkù? Kíka ọkọ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn nìkan kò tó: láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, Nàìjíríà ti ẹnubodè yìí pa. Ọ̀nà tó dá nígbà náà kì í ṣe àmì àṣeyọrí ibùdó tuntun. Ó yẹ ká fi Kraké wé Ìgólò, ẹnubodè mìíràn láàárín Benin àti Nàìjíríà, nígbà tí méjèèjì bá wà ní ṣíṣí, ká sì ka ọkọ̀ ojú ọ̀nà àdúgbò pẹ̀lú. Ẹlòmíràn lè sọ pé ìnáwó ńlá ni kíka ọkọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ìwé, gègé àti aago tó láti bẹ̀rẹ̀.